Títóbi Ara Nìkan Kọ́ Ni Ìjà Ẹ̀ṣẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kàdúná kò lè bẹ̀rẹ̀ ní àkókò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni Daniel Dubois lu Anthony Joshua bolẹ̀ ní abala karùn-ún ìjà wọn ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò dùn nínú wa, nítorí pé ọmọ Ṣágámù ni a ka Joshua sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní ìdálẹ̀ yóò mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti í rí. Bí ọmọ ẹni bá gba adé lókèèrè, àwa tí a ń gbé láàárín àwọn elédè mìíràn a máa gbé orí sókè ní ọjà; bí ó bá ṣubú, àwọn aládùúgbò kò ní jẹ́ kí a sinmi.

Alàgbà kan nínú ẹgbẹ́, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní ìtìjú gbáà ni. Ó ní ní ayé Muhammad Ali àti Joe Frazier, àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní akànṣẹ́ lónìí kì bá tó ẹni tí ń gbé omi fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ mẹkáníìkì kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ni ó wí. "Ali tí ẹ ń sọ yìí, bí Tyson Fury bá fi ara tì í lásán, kò ní lè mí. Àwọn ti ìgbà yẹn kéré. Oúnjẹ ti dára sí i, ẹ̀kọ́ ti pọ̀ sí i, ìjà náà ti yàtọ̀."

"Ọmọ mi, ìwọ kò rí Ali."

"Ẹ̀yin náà kò rí i, sà. Fọ́tò rẹ̀ ni ẹ rí."

Bàbá dìde dúró. Ó ní òun fi ojú òun rí Ali ní Èkó ní ọdún 1964, nígbà tí ó wá kí wa lẹ́yìn tí ó ti gba adé lọ́wọ́ Sonny Liston, nígbà tí òun ṣì wọ ṣòkòtò péńpé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ariwo. Nígbà tí ó yá, wọ́n yíjú sí mi pé kí n dá ẹjọ́, nítorí pé ògbufọ̀ ni mí ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí ó bá sì ń kàwé yẹ kí ó mọ ohun gbogbo, èyí tí kì í ṣe òtítọ́ rárá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè díẹ̀. Àyè náà ti pẹ́ jù. Ẹjọ́ mi nìyí.

Ohun tí ó ń ba irú àríyànjiyàn yìí jẹ́ ni pé ojú inú nìkan ni a fi ń ṣe é. A óò gbé Joe Louis inú fọ́tò dúró níwájú Fury inú tẹlifíṣàn, ẹni tí ó bá sì wù wá ni yóò borí. Nínú iṣẹ́ tèmi, bí mo bá fẹ́ mọ bí èdè méjì ti jìnnà sí ara wọn tó, n kì í lọ bi ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn; ẹni tí ó ti gbé nínú méjèèjì ni mo ń wá kiri. Àwọn akànṣẹ́ kan wà tí wọ́n gbé nínú ayé méjì, tí wọ́n bá àwọn ará àná jà, tí wọ́n sì tún bá àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn jà. Àwọn ni mo pè ní ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fún mẹkáníìkì wa ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara, òótọ́ ni ó sọ. Ìjà àwọn abarawúwo, tí gbogbo ayé ń pè ní hẹ́fíwéètì, kò ní òpin ìwọ̀n lókè. Bí ènìyàn bá tóbi tó erin, kò sí ẹni tí yóò lé e. Jack Dempsey, tí ó gba adé ní 1919, wọn nǹkan bí 187 pọ́n-ùn. Rocky Marciano, tí ó ja ìjà 49 láìpàdánù ẹyọ kan, kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 10 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà dé 190. Joe Louis fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 lọ nígbà tí ó gbóná jù lọ. Lónìí, ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá kọjá 200 pọ́n-ùn ní ẹ̀ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni Dempsey àti Marciano ìbá sì wà. Fury ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9; nígbà tí ó pàdé Oleksandr Usyk, ọmọ Ukraine, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó wọn 262. Joshua lé ní 250 ní alẹ́ tí Dubois nà án.

Síbẹ̀, òmìrán kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìjà ẹ̀ṣẹ́. Jess Willard, tí Dempsey gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 6, ó sì fi ohun tí ó lé ní 50 pọ́n-ùn wúwo ju Dempsey lọ. Ẹ̀ẹ̀méje ni Dempsey gbé e ṣubú ní abala kìíní nìkan. Primo Carnera ará Ítálì wúwo tó 260; ní 1935 Joe Louis, ọmọ ọdún 21, lù ú títí rẹfirí fi dá ìjà dúró ní abala kẹfà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré mọ, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo dámbé níhìn-ín ní Àríwá, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ àti okùn di ọwọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń jà, ẹ kò nílò kí n sọ èyí fún yín.

Bàbá yóò ti máa rẹ́rìn-ín níbí, ṣùgbọ́n kí ó dákẹ́ ná. Willard àti Carnera ní ara, wọn kò ní ẹ̀kọ́ tí ó tó ara náà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní ìran tiwa ni òmìrán tí ó mọ iṣẹ́. Lennox Lewis àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Klitschko, Vitali àti Wladimir, mọ bí a ti ń na ọwọ́ gígùn síwájú láti dá ènìyàn dúró lókèèrè, bí ẹni tí ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu, kí wọ́n tó wá fi ọwọ́ kejì parí iṣẹ́. Marciano ní láti wọlé tọ ènìyàn kí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó ó dé ibi tí ó ń lọ. N kò rí ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ Lewis ṣáájú kí ìyà tó pa á.

Ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́ ni George Foreman. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Kinshasa: ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1974, Ali fi ẹ̀yìn ti okùn, ó jẹ́ kí Foreman máa lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e ṣubú ní abala kẹjọ. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ìyókù ayé ọkùnrin náà. Ó fi ìjà sílẹ̀ ní 1977, ó di oníwàásù, kò sì jà fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ó padà dé ní 1987 pẹ̀lú ikùn ńlá àti orí fífá, àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1991, tí ó ti di ẹni ọdún 42, ó bá Evander Holyfield, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nígbà náà, ja abala 12 gbáko. Ó pàdánù, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí aago fi lù. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1994 ni ó wá wọ ṣòkòtò pupa kan náà tí ó wọ̀ ní Kinshasa, ó sì pàdé Michael Moorer, ẹni ọdún 26, ọlọ́wọ́ òsì tí ẹnikẹ́ni kò tí ì borí rí. Moorer ń nà án lọ, abala lẹ́yìn abala. Ní abala kẹwàá, Foreman rí àyè kékeré kan, ó fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kúkúrú sí i ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni ọdún 45 ni, ogún ọdún sì ti kọjá lórí òru Kinshasa.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Larry Holmes, tí ó ti jẹ́ ọmọ ìdánrawò lọ́dọ̀ Ali kí òun fúnra rẹ̀ tó di ọ̀gá láti 1978 títí di 1985. Mike Tyson lù ú bolẹ̀ ní abala kẹrin ní 1988. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1992, tí òun náà jẹ́ ẹni ọdún 42, ó pàdé Ray Mercer, ẹni tí ó gba wúrà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1988, tí kò sì tí ì pàdánù ìjà kankan. Holmes fi ẹ̀yìn ti igun, ó jẹ́ kí ọmọdé náà máa wá, ó sì ń fi ọwọ́ òsì tí ó ti ń lò láti ayé Ali kà á léyín. Òun ni wọ́n fún ní ìjà náà.

Bí ìmọ̀ àwọn ará 1990 bá ti ta ti àwọn ará 1970 yọ bí a ti ń wí, báwo ni àgbàlagbà méjì tí orúnkún wọn ti ń ké ṣe ṣe irú èyí? Àmọ́ kí Bàbá má tí ì ki ara rẹ̀. Holyfield, ọmọ ayé tuntun, borí àwọn méjèèjì.

Holyfield yìí ni Lewis gba adé lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1999. Lewis bá Vitali Klitschko jà ní 2003, ojú Vitali tí ó ya ni ó sì gba Lewis là, nítorí pé nígbà tí dókítà dá ìjà náà dúró, Vitali ni ó wà níwájú nínú ìwé àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wladimir àbúrò rẹ̀ ni Joshua wa pàdé ní Wembley ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2017, níwájú ọ̀kẹ́ mẹ́rin àti ààbọ̀ ènìyàn. Joshua gbé e ṣubú ní abala karùn-ún. Ní abala kẹfà, ọmọ wa náà wá ilẹ̀, mo sì rántí pé ẹnìkan pa tẹlifíṣàn ní ilé tí mo ti ń wò ó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án. Ní abala kọkànlá ni Joshua fi ẹ̀ṣẹ́ àtìsàlẹ̀wá gbé orí àgbàlagbà náà sókè, rẹfirí sì dá ìjà dúró. Ẹni tí ó bá ní Joshua kò mọ ohun kan, kí ó lọ tún ìjà yẹn wò. Ẹ̀wọ̀n náà kò já láti ọ̀dọ̀ Ali títí ó fi dé Ṣágámù.

Ìdí tí kò fi já ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọ̀gá ni ó sì ń fi í lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo Eddie Futch. Ní ìlú Detroit, ní àwọn ọdún 1930, ibi ìdánrawò kan náà ni òun àti Joe Louis ti ń kan ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì ń bá ara wọn dánra wò. Futch di olùkọ́. Òun ni ó wà ní igun Frazier ní Manila ní 1975, tí ó kọ̀ kí ó jáde fún abala kẹẹ̀ẹ́dógún nítorí pé ojú rẹ̀ ti dí. Òun ni ó kọ́ Ken Norton tí ó borí Ali ní 1973. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Holmes. Ní 1992, tí ó ti di ẹni ọdún 81, ó wà ní igun Riddick Bowe ní alẹ́ tí Bowe gba adé lọ́wọ́ Holyfield. Ohun tí a kọ́ ní Detroit nígbà tí bàbá Bàbá wa yẹn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ni ó gba adé ní 1992.

Níbi iṣẹ́ kíkọ́ yìí ni mo ti gbà pé Bàbá ní ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1941 nìkan, ẹ̀ẹ̀méje ni Joe Louis gbé adé rẹ̀ wá sí ojú ìjà. Ali ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún ní 1966. Joshua jà lẹ́ẹ̀mejì ní 2017, lẹ́ẹ̀mejì ní 2018, Fury àti Usyk lẹ́ẹ̀mejì ní 2024, wọ́n sì ń kà á kún akitiyan. Abala 15 ni àwọn ará àná ń jà fún adé, 12 ni ti òní. Oríṣiríṣi ènìyàn ni wọ́n ń bá pàdé, èyí tí ń sá, èyí tí ń dì mọ́ ènìyàn, èyí tí ń fi orí gbá ènìyàn nígbà tí rẹfirí kò wò. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o.

Dick Tiger ọmọ Ìgbò kì í ṣe abarawúwo, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé Bàbá ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun wà ní pápá Líbátì ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Gene Fullmer kò lè dìde lórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn abala keje. Ìjà àkọ́kọ́ fún adé àgbáyé nìyẹn ní ilẹ̀ Áfíríkà àwọn aláwọ̀ dúdú. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé nígbà tí Tiger kọ́kọ́ dé Liverpool ní ọdún 1955, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà níbẹ̀ ni ó pàdánù léraléra. Bí ó bá jẹ́ ayé òní ni, àwọn onílé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kì bá tún dárúkọ rẹ̀ mọ́. Owó ẹ̀kọ́ ni ó ń san.

Ṣé kí a wá ní kí wọ́n padà sí ti àtijọ́? Èmi kò ní wí bẹ́ẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ náà pọ̀ jù. Ọmọ Kòríà kan, Duk Koo Kim, tí kì í tilẹ̀ ṣe abarawúwo, kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1982 lẹ́yìn tí a ti lù ú dé abala 14. Ikú rẹ̀ ni ó mú kí àwọn àjọ tí ń ṣàkóso ìjà ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín abala kù sí 12. Jerry Quarry, tí ó bá Ali àti Frazier jà, kú ní 1999 ní ẹni ọdún 53, lẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Floyd Patterson, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní àjọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ìpínlẹ̀ New York ní 1998 nítorí pé iyè rẹ̀ ti ra. Ali fúnra rẹ̀, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 2016. Nígbà tí a bá jókòó ní Kàdúná tí a ń bínú pé Joshua kì í jà tó, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ń bá a tọrọ.

Mo ti fi ohun tí ó wúwo jù nínú ẹjọ́ yìí sí ìkẹyìn. Ta ni ó kó gbogbo bẹ́líìtì àwọn abarawúwo jọ ní 2024, tí ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà Lewis ní 1999? Usyk ni. Kí ni gíga rẹ̀? Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3, gíga Ali gan-an. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀ ní alẹ́ tí ó kọ́kọ́ nà Fury? Nǹkan bí 223 pọ́n-ùn. Ali wọn nǹkan bí 212 ní oṣù kọkànlá ọdún 1966, nígbà tí ó fi Cleveland Williams wọ́lẹ̀ ní Houston. Kì í ṣe ohun tí ó ju pọ́n-ùn méjìlá lọ ni ó wà láàárín wọn. Ọlọ́wọ́ òsì ni Usyk, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sí ìta ẹsẹ̀ ẹni tí ó dojú kọ, kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí ọ̀nà tààrà wọlé, kí ti onítọ̀hún sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Fury ń fi í ṣeré ní àárín ìjà náà. Nígbà tí yóò fi di abala kẹsàn-án, okùn ni ó gbé Fury dúró, tí rẹfirí ń ka owó fún un. Ó nà án lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ṣáájú ìyẹn, ó ti borí Joshua ní 2021 àti ní 2022. Ní oṣù keje ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé wa yẹn, ó lu Dubois tí ó bà wá nínú jẹ́ bolẹ̀, ní abala karùn-ún, ní Wembley kan náà, tí òun jẹ́ ẹni ọdún 38. Bí ara bá jẹ́ ohun gbogbo, ìwọ ọmọ mi mẹkáníìkì, ta ni kí a wá pe èyí?

Lórí ọ̀rọ̀ ìtìjú tí Bàbá sọ, èmi kò bá a lọ. Joshua ti tó ọmọ ọdún 18 kí ó tó wọ ibi ìdánrawò. Kò ju bí ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn náà tí ó fi gba wúrà ní Òlíńpíìkì ọdún 2012. Ọmọ ọdún 12 ni Ali bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ lójijì, tí wọ́n sì gbé ṣọ́ọ̀bù ńlá lé lọ́wọ́ kí ó tó gba ìdáǹdè, bí ó bá pàdé ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú iṣẹ́ náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ìtìjú.

Ẹjọ́ mi, nítorí náà: Lewis yóò na Marciano. Joe Louis yóò lu Dubois bolẹ̀, ṣùgbọ́n gíga Fury yóò dà á láàmú púpọ̀, n kò sì ní fi owó mi lé e. Ali ti 1966, n kò rí ẹni tí yóò nà án nínú àwọn ti òní, àfi Usyk tí mo lè ṣiyèméjì lé lórí bí ìjà bá jẹ́ abala 12. Bí ó bá jẹ́ 15, Ali ni.

Mo ka èyí sí àwọn méjèèjì létí kí n tó fi ránṣẹ́. Bàbá ní ó dára, ṣùgbọ́n ó ku ọ̀kan: bí a bá gbé Foreman ti 1973 pàdé Joshua ti 2017, ta ni yóò ṣubú? Mo ní ìjà náà kò ní dé abala karùn-ún. Ó ní òun kò bi mí ní abala, ta ni yóò ṣubú? Mo ní ọ̀kan nínú wọn. Mẹkáníìkì náà wo Bàbá, Bàbá wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì sì fi ohùn ṣọ̀kan: wọ́n ní ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, fáìlì ṣì wà lórí tábìlì.